Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń já bọ́ lọ́nà iṣẹ́ graduate trainee

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ gbígba òṣìṣẹ́ fún àwọn ilé iṣẹ́, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí sì máa ń bi mí nígbàkúùgbà tí ilé iṣẹ́ ńlá kan bá kéde pé òun fẹ́ gba àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì: "Ta la lè rí?" N kò ní sọ pé kò sí ẹni tó ń gba ẹ̀yìn wọlé, nítorí irọ́ ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo rí tí wọ́n já bọ́, kì í ṣe àìrẹ́ni-mọ̀ ló ṣe wọ́n. Iwájú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti já bọ́, láàárín wákàtí kan, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé iṣẹ́ náà tó gbọ́ orúkọ wọn rárá.

Iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí graduate trainee yìí kò rí bí iṣẹ́ mìíràn. Ọmọ tí kò tíì mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ ni ilé iṣẹ́ ń gbà, tó sì ń sanwó fún nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn bánkì máa ń kó wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tiwọn fún oṣù mélòó kan. Unilever, tí ètò tirẹ̀ ń jẹ́ Future Leaders Programme, ń gbé ọmọ láti ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn kí ó lè rí bí òwò náà ṣe so kọ́ra. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ ìwé ìṣirò owó wò, irú KPMG àti PwC, ọmọ yóò ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, yóò sì kàwé ìdánwò ICAN tàbí ACCA, tí í sọni di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú ìṣirò owó, lóru. Owó ńlá ni wọ́n ń ná sórí ẹnì kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúlò, ìdí nìyẹn tí ojú asẹ́ wọn fi wẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń sẹ́ ènìyàn. Two-one, ìyẹn ipò tó tẹ̀lé first class nínú èsì yunifásítì, ni ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti parí ìsìn agùnbánirọ̀, kírẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú rẹ̀, àti ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ bánkì kì í fẹ́ kí ó ju ọdún 26 lọ. Ti ọjọ́ orí yìí kò tíì bá mi lára mu rí. Ọmọ tó wọ yunifásítì ìjọba ní ọdún 2018 fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin pàdé ìyanṣẹ́lódì ASUU láti oṣù Kẹta sí oṣù Kejìlá ọdún 2020, ó tún pàdé òmíràn láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹwàá ọdún 2022, lẹ́yìn náà ni yóò tún sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Ta ló wá jẹ̀bi ọjọ́ orí tó ti lọ? Síbẹ̀, ẹ má torí èyí lọ búra ní kóòtù pé ẹ kéré sí iye ọdún yín. Ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN, lórí BVN àti nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ yín ni wọn yóò tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èyí tí kò bá sì bá ìkejì mu ni yóò tú yín fó. Bí ó bá jẹ́ Oluwaseun ni WAEC kọ, tí yunifásítì sì kọ Seun, ẹ ti tún un ṣe kí ẹ tó kọ̀wé béèrè iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tó bá sì ní kí ẹ sanwó fọ́ọ̀mù, ẹ sá fún un.

Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ló tẹ̀lé e, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í fúnra wọn ṣe é. Wọ́n máa ń gbé e fún àwọn tó fi í ṣiṣẹ́ ṣe, irú Dragnet àti SHL. Ìṣirò inú rẹ̀ kò ju ti ilé ẹ̀kọ́ girama lọ, èyí gan-an ló sì ń tan àwọn tó gba first class jẹ, nítorí pé àkókò ni ìdánwò náà fi ń mú ènìyàn. Bí ìbéèrè kan bá rí ìṣẹ́jú kan gbà, ó gbìyànjú. Ẹ wo irú rẹ̀ kan: ilé ìtajà kan ta páálí ọṣẹ 480 ní oṣù Kìíní, ó sì ta 600 ní oṣù Kejì, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ọjà rẹ̀ fi lé sí i? Ẹni tó ń kánjú yóò mú 120 tó fi lé, yóò fi 600 pín in, yóò sì rí 20. Nígbà tó bá wo àwọn ìdáhùn tí wọ́n tò sísàlẹ̀, yóò bá 20 níbẹ̀ tó ti ń dúró dè é, torí ẹni tó gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ ti mọ̀ pé ọ̀nà ibẹ̀ ni wọn yóò gbà. Iye tí a ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 480, la fi ń pín. 25 ni ìdáhùn.

Apá tó jẹ́ ti ìwé kíkà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Wọn yóò kọ ọ̀rọ̀ ṣókí kan, wọn yóò wá ní kí ẹ sọ bóyá gbólóhùn kan tó tẹ̀lé e jẹ́ òótọ́, bóyá irọ́ ni, tàbí bóyá a kò lè sọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ní ilé iṣẹ́ kan ṣí ẹ̀ka mẹ́ta sí Ìbàdàn, tí gbólóhùn náà sì ní ilé iṣẹ́ ọ̀hún ń jèrè, "a kò lè sọ" ni ìdáhùn. Àwa a máa fẹ́ fi làákàyè tiwa dí àlàfo: ta ni yóò ṣí ẹ̀ka mẹ́ta bí kò bá jèrè? Làákàyè yẹn dára, àmọ́ kò ní máàkì níbẹ̀. Ohun tó ń ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ lójú tèmi ni kí wọ́n máa fi aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ dánra wò fún ìdajì wákàtí lójoojúmọ́, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ìkéde tó jáde. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ ṣe ìdánwò náà nílé, ẹ wá ibi tí iná kò ti ní lọ.

Àwọn tó bá yege la máa ń pè jọ láti wò wọ́n lójúkojú. Lọ́jọ́ kan, a kó ọmọ mẹ́fà jókòó yí tábìlì ká, a fún wọn níwèé pé mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà wà nílẹ̀, ẹ̀ka mẹ́rin sì ń béèrè owó. Kí wọ́n pín in láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọkùnrin kan gba ọ̀rọ̀ kanlẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ráyè. Ọmọbìnrin kan wà ní igun tábìlì tó ti ń kọ iye tí wọ́n ń dá sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ló wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí a ti pín báyìí ti di mílíọ̀nù méjìlá, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló sì kù." Gbogbo àwa tí a jókòó sẹ́yìn la kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wọlé, ọmọkùnrin náà kò wọlé. Ẹ má sì rò pé jẹ́jẹ́ rẹ̀ la fún ní máàkì. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a tọ́ dáadáa, tí wọ́n ti kọ́ láti má já lu ọ̀rọ̀ àgbà, ń dákẹ́ wò wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí a kò bá sì gbọ́ lẹ́nu wọn, kò sí bí a ṣe fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí lẹ́tà bá dé, ẹ má tíì pa ewúrẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ bánkì, ìdánwò kì í dáwọ́ dúró, ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá sì tó ń kẹ́rù rẹ̀ lọ sílé. Ọmọ tó ka ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò ni yóò máa kọ́ debit àti credit inú ìṣirò owó láti ọ̀sẹ̀ kìíní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rin kọ́ ọ.

Bọ́ǹdì ló kù, ìyẹn àdéhùn pé ẹ kò ní fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀ kí iye oṣù kan tó pé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ óò san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ padà. Ẹ wo iye owó náà, ẹ wo bóyá ó ń dín kù bí oṣù ti ń lọ, ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ wo ọjọ́ tí kíkà bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi kan buwọ́ lu bọ́ǹdì oṣù 24 níbì kan. Nígbà tó lo oṣù 22, iṣẹ́ tó dára jù yọ, ó rò pé oṣù méjì péré lòun jẹ. Ṣùgbọ́n wọn kò ka oṣù mẹ́rin tó fi wà ní ilé ẹ̀kọ́, wọn kò sì ka oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń wò ó kí wọ́n tó fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀. Oṣù 12 ló ṣì jẹ wọ́n, owó náà kì í sì í dín kù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ní kí ó san. Nígbà tó gbé ìwé náà wá fún mi, mo rí gbólóhùn ọ̀hún lójú ewé kẹta, ìbuwọ́lùwé tirẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.