Àwọ̀n Apẹja Ni Ìpìlẹ̀ Ìpele Òkun

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹni tó pín òkun sí ìpele, tó sì to àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ́, Jámánì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tọ́ka sí. Lóòótọ́, Victor Hensen ló mú orúkọ plankton, ìyẹn àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ìṣàn omi ń gbé kiri, jáde ní 1887, Ernst Haeckel sì fi benthos (àwọn tó ń gbé ilẹ̀ òkun) àti nekton (àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ borí ìṣàn omi) kún un ní 1890. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ kọ́ ló bí i. Ọwọ́ apẹja ni ìmọ̀ yìí ti wá, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún kí Hensen tó dé.

Erékùṣù Lesbos nílẹ̀ Gíríìsì ni kí á ti bẹ̀rẹ̀. Aristotle, ọ̀mọ̀ràn Gíríìkì, gbé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 345 ṣáájú ìbí Kristi, Pyrrha, níbi tí òkun ti ya wọ inú erékùṣù náà, sì wà lára ibi tó mẹ́nu bà jù. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà òtútù, gbogbo ẹja ibẹ̀ ló ń jáde lọ sójú òkun, àfi ẹja kékeré tí wọ́n ń pè ní goby, nítorí pé omi inú ibẹ̀ tutù ju ti ìta lọ. Ó pín ẹja sí ti ojú agbami, ti etí òkun àti ti àárín àpáta. Ó ya octopus àti irú rẹ̀ sọ́tọ̀ nítorí ara wọn tó rọ̀, ó ya akàn àti edé sọ́tọ̀ nítorí èèpo ara wọn, ó sì kó àwọn tí ìkarahun wọn le bí òkúta jọ sọ́nà tiwọn. Ó rí i pé àbùùbùtán ń fi ẹ̀dọ̀fóró mí, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Linnaeus, ará Sweden tí ayé ń yìn fún títo ohun ẹlẹ́mìí lẹ́gbẹẹgbẹ́, ṣì kó àbùùbùtán mọ́ ẹja ní 1735, ó di 1758 kó tó yọ ọ́ kúrò.

Ta ló sọ gbogbo èyí fún Aristotle? Ta ló lè mọ̀ pé ẹja kan ń ṣí kúrò nígbà òtútù, bí kì í bá ṣe ẹni tó ń ju àwọ̀n síbẹ̀ láti ọdún dé ọdún? Léraléra ni òun fúnra rẹ̀ dárúkọ àwọn apẹja. Ó tilẹ̀ sọ pé ìgbà kan wà tí ẹran oníkarahun kan tán pátápátá ní Pyrrha, ọ̀dá wà lára ohun tó fà á, irin tí wọ́n fi ń ha ìsàlẹ̀ omi kó wọn sì wà lára rẹ̀. Irin náà ni mo ní kí ẹ fojú sí, torí òun ló dá ìmọ̀ yìí sílẹ̀.

Férémù onírin ni, àpò àwọ̀n wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan péré ni ti apẹja mú, bó bá ṣojú dé nígbà tó ń rì lọ, kò ní ha nǹkan kan. Nígbà tó yá, Robert Ball ará Dublin ṣe èyí tí ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì mú, kó lè ṣiṣẹ́ bó ti wù kó balẹ̀. Okùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì jíjìn omi, ó kéré tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa fò lókè ilẹ̀ ni. Apá kan lára apá méjì férémù ni wọ́n so okùn mọ́ gírígírí. Òwú lásán ni wọ́n fi de apá kejì, kó lè já bí irin bá há sí àpáta, kí irin fẹ̀gbẹ́ yọ. Ẹni tó bá so méjèèjì le yóò pàdánù gbogbo rẹ̀.

Irú irin yìí ni Edward Forbes, onímọ̀ ohun ẹlẹ́mìí ará Britain, gbé wọ ọkọ̀ Beacon ní 1841, ó fi ha ìsàlẹ̀ òkun Aegean títí dé nǹkan bí 420 mítà, ó sì pín in sí ìpele mẹ́jọ gẹ́gẹ́ bí ohun tó rí ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Audouin àti Milne-Edwards, onímọ̀ ará Faransé, ti ṣe irú rẹ̀ létí òkun Faransé ṣáájú, ṣùgbọ́n wọn kò lọ jìnnà sí ibi tí omi ń fà sí. Àṣìṣe Forbes ni pé ó ní kò sí ẹ̀mí mọ́ bí a bá kọjá nǹkan bí 550 mítà. Ẹnu irin rẹ̀ kéré, ẹrẹ̀ tètè ń kún àpò rẹ̀, òkun Aegean fúnra rẹ̀ kò sì ní ẹran púpọ̀ nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni John Ross, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ará Britain, ti fa ẹran onírìísí ìràwọ̀ jáde láti ibi tó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 1818. Síbẹ̀, ìpele mẹ́jọ yẹn ni gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e dúró lé.

Ìyókù kò gba àkókò púpọ̀. Ní 1860, wáyà tẹligíráàfù àtijọ́ tí wọ́n fà jáde láti inú Mẹditaréníà gbé ẹran tó lẹ̀ mọ́ ọn bọ̀ láti bíi 2,000 mítà. Ọkọ̀ Porcupine ha ilẹ̀ kọjá 4,000 mítà ní 1869, Challenger sì yí ayé ká láti 1872 sí 1876. Lónìí, ìmọ́lẹ̀ ló ń pààlà: 200 mítà àkọ́kọ́ nìkan ni oòrùn ti tó kí ewéko hù, ìmọ́lẹ̀ bàìbàì dé 1,000, òkùnkùn biribiri lọ sí 4,000, ibú ńlá lọ sí 6,000. Anton Bruun ló sọ ohun tó kù nísàlẹ̀ rẹ̀ ní hadal ní 1956.

Ibi tí àwọn tó ń kọ́ ọ ti máa ń ṣì í ni pé wọ́n rò pé plankton gbọ́dọ̀ kéré. Ìtóbi kọ́ là ń wò. Ohunkóhun tí kò bá lè lúwẹ̀ẹ́ borí ìṣàn omi ni plankton, ìbáà tóbi ju èèyàn lọ. Èyí tó bá lè borí rẹ̀ ni nekton, èyí tó bá fi ilẹ̀ òkun ṣe ilé ni benthos. Nítorí náà, ọmọ akàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ láti inú ẹyin jẹ́ plankton, bó bá dàgbà tó sì balẹ̀, ó ti di benthos nìyẹn.