Ẹ Má Sín Gbẹ́rẹ́ fún Ọmọ Nítorí Kọ̀ǹpútà

Láàárín oṣù yìí nìkan, ẹni mẹ́ta ló ti gbé láptọ́ọ̀pù tó bàjẹ́ wá bá mi. Ọ̀kan gbé tirẹ̀ wá sí ìpàdé ọmọ Yorùbá tí a ń ṣe ní Kubwa, l'Abuja. Ó ní, "Dókítà, ojú ẹ̀ ló ṣú." Mo ní kó gbé e lọ sí Banex, níbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe, ó wò mí bí ahun. Ẹ jọ̀ọ́, n kì í tún kọ̀ǹpútà ṣe. Bí ènìyàn ṣe ń kọ́ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí à ń kọ fún kọ̀ǹpútà, àti ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́, ni mo ń ṣèwádìí lé lórí; òun ni mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe tàná. SIGCSE, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ kọ̀ǹpútà, ti wà láti 1968. ICER, àpérò àwa olùwádìí gan-an, bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Síbẹ̀ níbí, bí àdán la rí, a ò ṣeku, a ò ṣẹyẹ. Ará ẹ̀ka kọ̀ǹpútà á ní ọ̀rọ̀ tíṣà ni, ará ẹ̀ka ẹ̀kọ́ á ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni. Nígbà tí mo béèrè ìgbéga, ọ̀gá kan bi mí pé, "Èwo lẹ̀rọ tí o ṣe jáde nínú gbogbo èyí?" Mo dákẹ́. Bó bá ṣe òní ni, n ò ní dákẹ́.

Ohun tó bí mi nínú lónìí ni gbólóhùn tí kì í kúrò lẹ́nu àwọn òbí: "Ọmọ mi ò lórí kọ̀ǹpútà." Ta ló sọ fún yín? Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ti ko sí kòtò yìí rí. Ní 2006, Saeed Dehnadi àti Richard Bornat ní Yunifásítì Middlesex ní àwọn ní ìdánwò tó lè ya ẹni tí yóò mọ kóòdù sọ́tọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ariwo ta. Ní 2014, Bornat fúnra rẹ̀ kọ̀wé, ó kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Mélòó nínú àwọn ògbóǹtarìgì àdúgbò wa ló lè dán irú ẹ̀ wò?

Ìbéèrè inú ìdánwò ọ̀hún ṣì dára, mo ń lò ó dòní. Ẹ sọ fún ọmọ pé lẹ́tà a dúró fún 10, lẹ́tà b dúró fún 20. Kó wá ka ìlà yìí: a = b. Kí ni a, kí ni b? Ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo jókòó tì á ní a ti di 20, b ti ṣófo. Ẹ má tíì gbá a létí. Igbá gàrí méjì ló wà lọ́kàn rẹ̀: bí ẹ bá da ti b sínú a, kí ló kù nínú b? Òmíràn á ní a di 30. Òun náà da gàrí ni, kò kàn yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò ni. Òmíràn á ní kò ṣeé ṣe, torí tíṣà ìṣirò ti sọ pé àmì yẹn túmọ̀ sí pé apá méjèèjì dọ́gba. Kọ̀ǹpútà kì í da gàrí o. Ẹ̀dà ló ń ṣe, bíi ti onífótókọ́pì: ìwé yín ṣì wà lọ́wọ́ yín. a di 20, b ṣì jẹ́ 20, 10 ti wọlẹ̀ nìyẹn. Tíṣà tí kò bá béèrè kò ní mọ̀, ọmọ á sì máa fi igbá gàrí kọ kóòdù títí ọdún á fi yí po.

Ìdí tí mo fi ń pariwo nìyí pé kí ọmọ kọ́kọ́ ka kóòdù, kó fi bírò tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lórí ìwé, kó tó kọ tirẹ̀. Ní 2001, McCracken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán akẹ́kọ̀ọ́ 216 wò nínú kíkọ kóòdù ní yunifásítì 4. Nínú máàkì 110, ìpíndọ́gba wọn kò pé 23. Raymond Lister àti àwọn tirẹ̀ tún un yẹ̀ wò ní orílẹ̀-èdè 7 ní 2004: ọ̀pọ̀ ò tilẹ̀ lè ka kóòdù kúkúrú kí wọ́n sọ ohun tí yóò ṣe.

Àwọn oní-"ọ̀sẹ̀ méjì" tó ń kọ́ ọmọ ní kóòdù káàkiri Lugbe ńkọ́? Ọmọ á wo pátákó, á dà á kọ, ìwé ẹ̀rí aláwọ̀ wúrà á jáde, òbí á pàtẹ́wọ́. Ẹ bi ọmọ náà pé kí ni ìlà kẹta ń ṣe.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá láti Nyanya. Ọmọ náà ò fẹ́ ṣí fìlà. Nígbà tó ṣí i, gbẹ́rẹ́ tútù ló wà láàárín orí rẹ̀, ẹbu dúdú ṣì wà lójú rẹ̀. Ìsọ̀yè ni, wọ́n gbà á ní ₦45,000, torí ó gba òdo nínú kóòdù. N ò bá ìyá jà. Mo bi ọmọ ní ìbéèrè tèmi, ó ní b ti ṣófo. A fi ìwé àti bírò tọ ipasẹ̀ ìlà náà bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo wá ní kó ṣe é kí lẹ́tà a gba nọ́ńbà b, kí lẹ́tà b sì gba ti a. Ó wo ìwé náà pẹ́, ó họrí níbi gbẹ́rẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè mú igbá kẹta?"

Inú mi dùn débi tí mo fi dìde dúró: igbá kẹta ni yóò tọ́jú 10 kó má baà wọlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti dìde ṣáájú mi. Ó ní, "Ẹ ò rí i, Dókítà! Oògùn yẹn ti ń mú un!"