Ohùn Ọ́pẹ́rà Kì Í Ṣe Igbe

Láàárọ̀, létí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ariwo zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà, nìkan tó láti di èèyàn létí. Síbẹ̀, ìyá ẹlẹ́kọ kan á gbé igbá rù kọjá lódìkejì títì, á ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Ẹ jẹ ẹ̀kọ gbóná o!" Ẹni tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á gbọ́, á yọjú, á pè é. Kò sí ẹni tó máa sọ pé ohùn ìyá náà lágbára ju ẹ́ńjìnnì ogún alùpùpù lọ. Ohùn rẹ̀ ń gba ibi tí ìró ẹ́ńjìnnì kò sí ni.

Ohun tí olórin ọ́pẹ́rà, ìyẹn eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe, ń ṣe gan-an nìyẹn. Àmọ́ àwọn èèyàn á wo fídíò kan lórí fóònù, wọ́n á rí obìnrin tó la ẹnu gbàgà, wọ́n á ní, "Ta ló ń lù ú?" Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà nínú, nítorí pé bó bá jẹ́ igbe ló ń ké lóòótọ́, ohùn rẹ̀ ì bá ti há kí eré tó dé ìdajì.

Ọ̀rọ̀ èémí, ọ̀rọ̀ ikùn, ọ̀rọ̀ ìnàró, gbogbo olùkọ́ orin ló ń sọ ìyẹn. Àmọ́ inú ọ̀fun ni iṣẹ́ wà. Ọ́kẹ́sírà lè kó ohun èlò bí ọgọ́rin jọ, kí olórin jẹ́ ẹyọ kan, láìsí gbohùngbohùn lẹ́nu rẹ̀. Bó bá jẹ́ agbára ni wọ́n fẹ́ fi bára wọn jà, ìjà ti parí. Ṣùgbọ́n ariwo ọ́kẹ́sírà kò nípọn dọ́gba. Apá ìsàlẹ̀ ló ti pọ̀ jù, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbọ̀n bí ìgbà 500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó ṣe ń gòkè ló ń fẹ́lẹ́. Tó bá fi máa tó 3000, ọ̀nà ti dá páropáro. Ọ̀gangan ibẹ̀ sì ni etí ọmọ èèyàn ti ń gbọ́ jù, torí pé ihò etí fúnra rẹ̀ máa ń gbe ìró tó bá wà ní sàkáání yẹn. Gbogbo èrò há sójú títì, olórin gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, ó dé etí ṣáájú wọn.

Báwo ló ṣe rí ọ̀nà náà? Lókè tán-án-ná, níbi tí ohùn ti ń jáde, ihò tóóró kan wà tí kò gùn tó ìka ọwọ́. Òkè ihò yìí ni káà ọ̀fun wà. Tí a bá ń sọ̀rọ̀ lásán, méjèèjì wọnú ara wọn, wọ́n jọ ń dún ni. Olórin á jẹ́ kí gògóńgò sọ̀ kalẹ̀, bíi ti ẹni tó fẹ́ yán, káà ọ̀fun á sì fẹ̀. Johan Sundberg, onímọ̀ ìró ohùn ará Sweden, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1974: tí káà ọ̀fun bá fẹ̀ tó bí ìlọ́po mẹ́fà ẹnu ihò yẹn, ihò náà á yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ káà, á máa dún láyè ara rẹ̀, bí ọmọdé tó ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé ńlá. Fèrè ọmọ yìí ló ń dún ní nǹkan bí 3000. Ẹni tó bá ti fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu àdó rí mọ̀ pé bí ikùn àti ọrùn àdó ṣe rí ló ń pinnu ìró tó máa jáde, kì í ṣe bí èèyàn ṣe fẹ́ ẹ le tó.

Ìyá ẹlẹ́kọ náà mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú o, àmọ́ ńṣe lòun ń fún ọ̀fun pọ̀, tí gògóńgò rẹ̀ ń gòkè, tí ohùn sì ń mú bí abẹ. Kó ké lẹ́ẹ̀kan, kó sinmi díẹ̀: ó tó ẹ̀kọ tà. Kò tó eré wákàtí mẹ́ta.

Ọgbọ́n olórin ọ́pẹ́rà yìí dáa, àmọ́ ó lábùkù, àwọn obìnrin tí ohùn wọn ga jù lọ ló sì ń jìyà rẹ̀. Nígbà tí tán-án-ná bá ń gbọ̀n ju ìgbà 1000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá, fèrè kékeré yẹn kò ràn án lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Olórin á ní láti la ẹnu kí káà ẹnu lè bá ohùn náà dún. Ìdí ẹnu gbàgà inú fídíò nìyẹn. Ẹnu tó là tó bẹ́ẹ̀ kò sì lè pe i tàbí u bó ṣe yẹ. Gbogbo rẹ̀ á máa fì sí a. Lédè tiwa, ìlù á fẹ́rẹ̀ẹ́ di àlà. Ohùn dé, ọ̀rọ̀ kò dé.

Ní Toronto ní 1983, Canadian Opera Company bẹ̀rẹ̀ sí í tan ọ̀rọ̀ orin sókè ìtàgé kí òǹwòran lè máa kà á. Ilé ọ́pẹ́rà káàkiri ti gbà á lò. Ó wúlò, àmọ́ ó jọ ẹni tó ń fi tọ́ọ̀ṣì wá ohun tó yẹ kí etí ti gbọ́.

Ẹ̀fẹ̀, olórin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, ní ìṣòro kan náà: òru ni, agọ̀ wà lára, èrò kún ojú agbo, orin náà sì jẹ́ ìbáwí tí kò gbọ́dọ̀ sọnù. Elégbè ni wọ́n fi yanjú ẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ á dá orin, àwọn tó wà nítòsí á gbè é, á máa ti ẹnu dé ẹnu lọ sẹ́yìn. Kí wọ́n tó gbè é lẹ́ẹ̀kẹta, ará ẹ̀yìn pátápátá ti mọ ẹni tí orin ń bá wí, ó tilẹ̀ ti ń wá a lójú.