Omi Ni Kí Àlejò Máa Wò Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Sè Sódábì

Ẹni tó bá ti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin gbéra láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń sè sódábì, ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu ọ̀pẹ ṣe, gúúsù ni yóò kọjú sí, nítorí pé apá Pobè, Adja-Ouèrè àti Sakété títí dé agbègbè Àjàṣẹ́ ni ọ̀pẹ ti pọ̀ tó èyí tí ebu ọtí lè gbára lé. Ọjọ́ tí yóò lọ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí lọ́wọ́ ẹni tó ni ebu pàápàá. Ọ̀pẹ tí wọ́n wó lulẹ̀ ni wọ́n ń dá lu lápá orí, tí wọ́n sì ń gba ẹmu rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á wá máa kó o jọ sínú àgbá títí yóò fi kan. Bí wọ́n bá tètè gbé e kaná, ṣúgà tí kò tíì di ọtí á ṣòfò. Bí wọ́n bá sì jẹ́ kó pẹ́ jù, ọtí tó wà nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di ọtí kíkan. Nítorí náà, kí àlejò pe ẹni tó ni ebu lórí fóònù kí ó tó wọ mọ́tò, kí ó má sì béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa ń sè é, bí kò ṣe bóyá ẹmu ti kan.

Èrò kan wà tí àlejò máa ń gbé dé ibẹ̀, pé iná ló ń sọ ẹmu di ọtí líle, àti pé bí iná bá ṣe ń jó tó ni ọtí yóò ṣe le tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọtí ti wà nínú ẹmu kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná. Iṣẹ́ ìsè kò ju pé kí a yọ ọ́ kúrò lára omi lọ. Lítà 100 ẹmu tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 6 nínú 100 kò lè mú ju lítà 12 sódábì tó jẹ́ ìdá 50 nínú 100 wá, bí wọ́n tilẹ̀ dáná sun gbogbo igi inú oko. Nítorí pé ọtí ń hó ní nǹkan bíi dígírì 78, tí omi sì ń hó ní 100, oru tó kọ́kọ́ ń ru sókè kún fún ọtí ju ẹmu fúnra rẹ̀ lọ. Iná ńlá ló máa ń ba èyí jẹ́: ẹmu á hó ru, ìfófòó rẹ̀ á gun páìpù, ohun tó ń kán síta á sì ṣú.

Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà gan-an ni àgbá kejì, èyí tó kún fún omi, tí páìpù bàbà tó ń gbé oru bọ̀ láti inú àgbá tí wọ́n ti ń se ẹmu gba inú rẹ̀ kọjá. Omi yìí ló ń gba ooru lára oru kí ó lè padà di olómi, gẹ́gẹ́ bí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ ṣe ń làágùn. Ìdérí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé a máa làágùn púpọ̀. Bí òun náà bá ti gbóná tán, oru á kàn máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, òórùn á gba ilé, ọbẹ̀ á sì máa gbẹ nísàlẹ̀. Òórùn dídùn tí àlejò ń fà símú ní ebu, tó sì ń yìn, owó onísódábì ló ń fẹ́ lọ yẹn, oru náà sì lè gbiná. Lítà kan sódábì tó bá di olómi nínú páìpù a máa fi nǹkan bíi dígírì 4 kún gbígbóná lítà 100 omi. Kí ó tó di lítà kẹwàá, omi tí wọn kò pààrọ̀ ti gbóná kọjá ohun tí ọwọ́ lè gbà, kò sì lè mú oru dúró dáadáa mọ́. Ìdí rèé tí ebu fi máa ń wà létí odò, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbi tí ìbá ti rọrùn fún oníbàárà.

Àbùkù kan wà níbẹ̀ tí àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Omi gbígbóná ní í léfòó, tútù ní í wà nísàlẹ̀, páìpù sì ń ti òkè wọlé, ó ń ti ìsàlẹ̀ jáde. Ẹni tó ń fi korobá da omi tútù sókè àgbá ń da gbígbóná àti tútù pọ̀ ni, tó bẹ́ẹ̀ tí ibi tí ọtí ti ń jáde, tó yẹ kó tutù jù, náà á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ó bá ki rọ́bà kan bọ ìsàlẹ̀ àgbá, tí ó ń gba ibẹ̀ bu omi tútù sí i, tí gbígbóná sì ń ṣàn dànù lókè, omi díẹ̀ yóò ṣe iṣẹ́ púpọ̀.

Kí àlejò fi ọwọ́ kan omi náà lókè àgbá, kí ó sì wo ẹnu páìpù: bí omi bá ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ọtí á máa ṣàn bí okùn tín-ín-rín, kò ní gbóná, kò ní tú èéfín. Kí ó má gba ife àkọ́kọ́ tí wọ́n bá bù fún un, nítorí pé àwọn nǹkan tó ń tètè fẹ́ ju ọtí lọ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ti àárín ni kí ó dúró dè. Ìyẹn lè tó ọ̀sán kí ó tó parí. Èyí tó bá gbẹ̀yìn kì í le mọ́, omi ti pọ̀ nínú rẹ̀, wọn kì í sì í tà á: wọ́n á yà á sọ́tọ̀ nínú bídọ̀, wọ́n á dà á mọ́ ẹmu tí wọn yóò tún sè.