Parametric Rolling: Bí Ìgbì Tó Ń Bọ̀ Láti Iwájú Ṣe Ń Mú Ọkọ̀ Òkun Fì

Parametric rolling ni kí ọkọ̀ òkun máa fì sọ́tùn-ún fì sósì pẹ̀lú agbára, nígbà tó jẹ́ pé iwájú tàbí ẹ̀yìn ni ìgbì ti ń pàdé rẹ̀, tí ohunkóhun kò sì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bí ọkọ̀ bá tẹ̀ díẹ̀, omi tó gbé e dúró a máa dá a padà, agbára ìdápadà yìí a sì máa pọ̀ ní ìwọ̀n bó ṣe tẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n bó bá tẹ̀ jìnnà, ìwọ̀n náà kò bára mu mọ́: agbára yẹn á dé góńgó, á máa dín kù, títí tí yóò fi tán pátápátá tí ọkọ̀ á sì dojú dé.

Ìgbì fúnra rẹ̀ tún ń yí agbára yìí padà, pàápàá lára ọkọ̀ akókọ̀ńténà, tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ gan-an lókè ṣùgbọ́n tó tín-ín-rín nísàlẹ̀. Nígbà tí téńté ìgbì bá wà láàárín ọkọ̀, àwọn ibi tó fẹ̀ wọ̀nyí á yọ kúrò nínú omi, agbára ìdápadà á sì rọ. Nígbà tí kòtò ìgbì bá dé àárín, wọ́n á rì sómi, agbára náà á sì le sí i. Ká ní ọkọ̀ kan ń lo ìṣẹ́jú àáyá 24 láti fì lọ kó sì fì bọ̀, tó sì ń pàdé ìgbì kan ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 12, ìyẹn ni pé àsìkò ìfì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti ìgbì, tí ìgbì náà gùn tó ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá ń tẹ̀ lọ, agbára ìdápadà ti rọ, nítorí náà á tẹ̀ jìnnà. Nígbà tó bá ń padà bọ̀, agbára ti le, á sì sáré kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé tó ń lóṣòó, tó ń nàró lórí jangirọ́fà ṣe ń mú un fì sókè láìjẹ́ pé ẹnìkan tì í. Láàárín ìgbì mélòó kan péré, dígírì díẹ̀ lè di èyí tó ju 30 lọ.

William Froude, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàkíyèsí irú ìlọ́po méjì yìí láti àwọn ọdún 1860. Síbẹ̀, ìgbà tí ọkọ̀ APL China pàdánù ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ńténà sínú òkun Pàsífíìkì ní oṣù Kẹwàá ọdún 1998 ni ọ̀rọ̀ náà tó ká àwọn ọlọ́kọ̀ lára.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ohun tí ọgbọ́n ń sọ fún ọ̀gá atukọ̀ nínú ìjì, pé kó kọjú sí ìgbì kó sì dín eré kù, lè jẹ́ ohun tó máa mú kí àsìkò ìgbì bá ti ọkọ̀ ṣe rẹ́gí. Eré tó dín kù náà tún ń dín bí omi ṣe ń pa ìfì náà kù. Nítorí èyí, ó yẹ kó mọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ rẹ̀ fi ń fì, kó máa ka ti ìgbì, kó sì tètè yí eré tàbí ọ̀nà rẹ̀ padà bí àsìkò ìfì ọkọ̀ bá ti ń súnmọ́ ìlọ́po méjì ti ìgbì.