Fífa Resolution Wálẹ̀ Kọ́ Ló Ń Mú Lẹ́tà Tóbi Dáadáa

Bí lẹ́tà bá kéré jù lójú kọ̀ǹpútà, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á wọ inú Display settings, wọ́n á fa resolution (iye àmì tí kọ̀ǹpútà fi ń ya àwòrán, ní ìbú àti ní òró) wálẹ̀. Lẹ́tà á tóbi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ á máa ṣe bàìbàì bí ẹni pé omi kán sí i, ojú á máa ro ẹni tó ń kà á, wọ́n á wá ní mónítọ̀ ti ń bàjẹ́. Kò sí ohun tó ṣe mónítọ̀.

Pixel ni àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán. Ti mónítọ̀ òde òní ti wà lójú kan láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Wọn kì í fẹ̀, wọn kì í sún. Èyí tó bá jẹ́ 1920 × 1080 ní pixel 2,073,600, kò sì ní dín, kò ní lé. Bí a bá wá ní kó ṣe 1280 × 720, pixel méjì tó ń bọ̀ láti inú kọ̀ǹpútà ni yóò máa kún àyè mẹ́ta. Ẹ wò ó bí ẹni méjì tí wọ́n ní kí wọ́n jókòó kún àga mẹ́ta: ẹnì kìíní gba ti ọ̀tún, ẹnì kejì gba ti òsì, ti àárín di àjọpín. Bí ọ̀kan bá wọ dúdú, tí èkejì wọ funfun, àwọ̀ wo ni àga àárín fẹ́ ní? Àwọ̀ eérú ni. Eérú yẹn gan-an ló wà létí gbogbo lẹ́tà yẹn.

Scale, ìyẹn ibi tí a ti ń sọ bí lẹ́tà ṣe máa tóbi tó, ló yẹ ká fọwọ́ kàn. Ẹ jẹ́ kí resolution wà níbi tí Windows kọ Recommended sí, kí ẹ sún Scale sí 125% tàbí 150%. Kọ̀ǹpútà á tún lẹ́tà náà yà ní ńlá, gbogbo pixel ni yóò sì fi yà á. (Àwọn ètò àtijọ́ kan ṣì lè ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n tiwọn nìkan ni.)

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, 1920 × 1080 kò tilẹ̀ ní sí nínú èyí tí wọ́n ní ká mú. Ibí yìí ni ọgbọ́n ètò náà pọ̀ sí jù. Kọ̀ǹpútà kò lójú tó fi ń wo mónítọ̀. Mónítọ̀ ló ń ròyìn ara rẹ̀ fún un, nínú ìsọfúnni kékeré kan tó ń jẹ́ EDID, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ byte 128 péré. Inú wáyà ló ń gbà kọjá. Nínú wáyà VGA (irú wáyà mónítọ̀ àtijọ́ kan), irin kékeré ẹnu rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ńbà 12 àti 15 ló ń gbé e, irin mìíràn ló ń gbé àwòrán. Nítorí náà, bí irin 12 bá kán, àwòrán á ṣì máa jáde, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò ní mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ mọ́, á wá rọra fara mọ́ nǹkan bíi 1024 × 768. Wáyà ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, àti ohunkóhun tí a bá kì bọ àárín rẹ̀. Bí wáyà bá dára, tí Device Manager (ibi tí Windows to orúkọ àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sí) sì ń kọ Microsoft Basic Display Adapter, a jẹ́ pé driver, ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán jáde dáadáa, ni kò sí níbẹ̀.

Bí ẹ bá mú resolution tí mónítọ̀ ò lè gbé, tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Windows ń ka ìṣẹ́jú-àáyá 15; bí kò bá rí ẹni dá a lóhùn, á dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Àwọn tó ṣe é ro ti ẹni tí kò lè rí bọ́tìnì tí yóò tẹ̀, wọ́n sì gba dídákẹ́ rẹ̀ sí "rárá".