Bí Ìkarahun Inú Iyanrìn Òkun Ṣe Wọ Ìwé

Lọ́dún 1739 ni Giovanni Bianchi, oníṣègùn kan ní Rimini nílẹ̀ Ítálì, tẹ ìwé jáde lórí àwọn ìkarahun tíntìntín, tí a ń pè ní foraminifera lónìí, tó ṣà nínú iyanrìn etí òkun ìlú rẹ̀. Ó kà wọ́n mọ́ ẹbí nautilus, ẹran òkun oníkarahun kan tó bá octopus tan, torí pé wọ́n lọ́ bíi tirẹ̀.

Ẹni tó wá sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi ni Alcide d'Orbigny, ọmọ Faransé tí wọ́n bí lọ́dún 1802. Ìtòsí La Rochelle ló dàgbà sí, ọmọ dókítà ni. Ọ̀pọ̀ nínú ìkarahun wọ̀nyí kò tó mìlímítà kan, ojú lásán kò sì ràn án. Kí ẹlòmíràn lè rí ohun tí awò tó ń mú nǹkan tóbi fi hàn án, d'Orbigny gbẹ́ wọn tóbi, ó sì ta 100 àwòṣe wọn. Lójú tèmi, ọgbọ́n ọwọ́ yẹn ju ìwé rẹ̀ lọ. Lọ́dún 1826 ó to àwọn ẹ̀yà náà lẹ́sẹẹsẹ, ó pè wọ́n ní foraminifera, ó sì tò wọ́n mọ́ ìdílé octopus!

Félix Dujardin, onímọ̀ ẹ̀dá oníyè ọmọ Faransé, wo àwọn tó ṣì wà láàyè lọ́dún 1835. Kò rí ẹnu, kò rí ìfun. Ohun yíyọ̀ kan tó ń na okùn wẹ́wẹ́ jáde ló bá. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. D'Orbigny gbà pé wọn kì í ṣe ìdílé octopus, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ: ìwé rẹ̀ lórí ti Cuba jáde ní 1839.

Iyanrìn etíkun nìyẹn. Ọkọ̀ Challenger ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló lọ bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, láti 1872 sí 1876. Henry Brady, apòògùn ará Newcastle, ló jókòó ti ẹrẹ̀ náà. Ìwé rẹ̀ ti 1884 ní ojú ewé àwòrán 115.

Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀bì wọ̀ ọ́. Ìkarahun inú àpáta ń sọ ọjọ́ orí àpáta. Joseph Cushman, onímọ̀ foraminifera ará Amẹ́ríkà, fi ìmọ̀ yìí ṣiṣẹ́ fáwọn elépo, ó sì dá ilé iṣẹ́ ìwádìí tirẹ̀ sílẹ̀ ní Sharon, ní Massachusetts. Àwọn awakùsà epo Niger Delta náà ń lò wọ́n bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ èyí tí ìkarahun rẹ̀ le ni gbogbo wọn ń ṣà. Lọ́dún 2005 ni ìròyìn jáde pé ẹrẹ̀ ibi tó jìn jù lọ nínú òkun, ó lé ní 10,000 mítà, kún fún àwọn tí ara ìkarahun wọn rọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn lórúkọ rí nígbà náà.